Bí Rédíò Ṣe Ń Dúró Lórí Ìkànnì: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọ́síléétọ̀ àti Apín

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe rédíò àti àwọn ọmọ lísè, ní Kétu

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ yọ̀ǹda àwọn ọmọọṣẹ́ yín lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ ṣeun, iṣẹ́ ò ní tán lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin ọmọ lísè tí ẹ ti kà nípa kọ́ìlì àti kapásítọ̀ nínú ìwé, tí ọwọ́ yín ò tíì kàn wọ́n, ẹ bọ́ síwájú, torí mo gbé bọ́ọ̀dù kan dání, ojú lẹ sì máa fi rí ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ ká jọ dáhùn. Ẹ tẹ bọ́tìnnì rédíò òde òní, 100.0 yọ lójú rẹ̀, ohùn sì mọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ta ló sọ fún un pé ibẹ̀ ni 100.0 wà? Rédíò àtijọ́ ní abẹ́rẹ́ tó ń rìn lórí ìlà. Ẹ ó máa yí i síwá sẹ́yìn títí ohùn yóò fi já gaara, etí yín ló ń ṣiṣẹ́ náà. Tuntun yìí ò bi etí ẹnikẹ́ni léèrè. Ó lọ síbẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀, lọ́sàn-án, lóru, nínú ọyẹ́, nínú ooru. Àwa tí a wà létí ẹnubodè níbí, tí ohùn ilé iṣẹ́ rédíò Bẹ̀nẹ̀ àti ti Nàìjíríà jọ ń wọ ilé wa, tí méjì sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fara kanra lórí ìlà, àwa la mọ iyì ìdúró bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo gbà gbọ́, tí mo sì fẹ́ kí gbogbo ọmọọṣẹ́ tó bá ti ibí lọ mọ̀, ni pé ìdúró yẹn ọwọ́ ẹ̀yà kan tí a kì í kà sí ló wà. A máa ń sọ̀rọ̀ nípa ọ́síléétọ̀, sákíìtì tó ń dá ìgbì sílẹ̀. A máa ń sọ̀rọ̀ nípa òkúta quartz. Èyí tó wà láàárín àwọn méjèèjì, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa kà lọ, òun ni apín, òun ló sì mú kí wọ́n gbọ́ ara wọn yé.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ́síléétọ̀ ná. Ẹ so kọ́ìlì kan, ìyẹn wáyà tí a ká, àti kapásítọ̀ kan, ìyẹn ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná, pọ̀ lórí méjèèjì. Kapásítọ̀ tó kún á tú sínú kọ́ìlì. Kọ́ìlì ò fẹ́ kí iná tó ń ṣàn nínú rẹ̀ dúró lójijì, nítorí náà á máa tì í lọ títí kapásítọ̀ á fi kún padà, lódìkejì. Ni yóò bá tún tú. Lílọ kan pẹ̀lú bíbọ̀ kan ni a ń pè ní ìgbì kan, iye ìgbì tó bá sì wáyé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni fíríkúẹ́ńsì, tí a fi hertz ń wọ̀n. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wáyà á jẹ agbára náà di ooru, gbogbo rẹ̀ á sì kú. Tránsístọ̀ ló ń dá díẹ̀ padà fún un lásìkò tó yẹ, kí ó má baà kú.

Kọ́ìlì ńlá tàbí kapásítọ̀ ńlá, ìgbì á falẹ̀. Kékeré, á yára. Ẹ̀yin ọmọ lísè mọ fọ́múlà rẹ̀: ẹ sọ L, ìwọ̀n kọ́ìlì, di púpọ̀ pẹ̀lú C, ìwọ̀n kapásítọ̀, ẹ wá gbòǹgbò ìlọ́po méjì rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 2π, kí ẹ sì fi ohun tó bá jáde pín 1. Gbòǹgbò yẹn ló kan iṣẹ́ wa jù. Kí fíríkúẹ́ńsì tó lè di ìlọ́po méjì, kapásítọ̀ gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ di ìdá mẹ́rin ohun tó jẹ́. Ìdí nìyí tí kapásítọ̀ tí a ń yí nínú rédíò àtijọ́ fi tóbi tó bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àwọn abẹ irin pẹlẹbẹ tó ń wọnú ara wọn tí ẹ bá ń yí i.

Rédíò òde òní ti yọ àwọn abẹ yẹn kúrò. Dáyóòdù, ẹ̀yà tí iná ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo kọjá, ló gba ipò wọn, irú kan tí à ń pè ní varicap. Bí a bá gbé iná wá bá dáyóòdù láti òdì, níbi tí kò ti lè kọjá, àyè kan á ṣí sílẹ̀ láàárín ìhà rẹ̀ méjèèjì, nǹkan kan ò sì ní sí nínú àyè náà tó lè gbé iná. Ìhà méjì tó ń gbé iná, pẹ̀lú àyè tí kò gbé e láàárín wọn: kapásítọ̀ pọ́ńbélé ni. Ẹ fi fọ́ltéèjì òdì náà kún, àyè náà á fẹ̀; ìhà méjèèjì á jìnnà síra, kapásítọ̀ á dín kù, ìgbì á yára. Gbogbo dáyóòdù ló ń ṣe èyí níwọ̀nba, àmọ́ torí rẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe varicap. Ibi tí fọ́ltéèjì bá ti ń darí ìgbì bẹ́ẹ̀, VCO la fi ń pè é nínú ìwé, orúkọ náà ló sì wà lórí àwòrán sákíìtì tí ẹ máa bá pàdé.

VCO gbọ́ràn. Ẹ fún un ní fóltì púpọ̀, ó lọ sókè. Ẹ dín in kù, ó wálẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé gbogbo nǹkan mìíràn náà ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ooru mú un, ó yí. Bátìrì rọ̀, ó yí. Ẹ gbé ọwọ́ súnmọ́ kọ́ìlì rẹ̀ nígbà tí kò sí lábẹ́ ìdérí irin, ó yí. Ẹ̀yin tí ẹ ti tún rédíò àtijọ́ ṣe, ẹ ti rí i tí ilé iṣẹ́ tí ẹ mú láàárọ̀ ń sá lọ díẹ̀díẹ̀ bí oòrùn ṣe ń mú orí páànù.

Òkúta quartz wá yàtọ̀ pátápátá. Bí a ṣe gé e ni yóò ṣe máa gbọ̀n títí ayé. Ẹ tú aago ògiri tó ti bàjẹ́, ẹ ó bá agolo irin tín-ín-rín kan nínú rẹ̀, tó gùn tó mìlímítà 6 tàbí 8, pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjì. Òkúta inú rẹ̀ ń gbọ̀n ní ìgbà 32768 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ lè ṣì díẹ̀, nǹkan bíi 20 nínú mílíọ̀nù kan, èyí tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì lójúmọ́. Kò sí VCO tó lè sún mọ́ ìyẹn. Àmọ́ òkúta ò ṣeé yí. Ẹ ò lè bẹ̀ ẹ́ kó lọ láti 100.0 sí 100.1.

Ọ̀kan ń gbọ́ràn, kò dúró. Ọ̀kan dúró, kò gbọ́ràn. Báwo la ṣe fẹ́ so wọ́n pọ̀, nígbà tí ìgbì ọ̀kan wà lókè níbi mílíọ̀nù 110 hertz, tí ti èkejì sì wà nísàlẹ̀ jìnnà réré?

A ó kà á ni.

Ẹ wo ọjà ọrọọrún. Ojoojúmọ́ ni ilẹ̀ ń mọ́, ọjà kì í ná lójoojúmọ́. A ka òní tí ọjà ná mọ́ ọn, a ka ọ̀la, ọ̀túnla, ọjọ́ kẹrin, ní ìkarùn-ún ọjà tún ná. Márùn-ún la pè é, torí a ka ọjọ́ ọjà méjèèjì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni ilẹ̀ ń mọ́ láti ọjà kan sí èkejì. Ẹ pe ilẹ̀ tó ń mọ́ ní ìgbì tó ń wọlé, ẹ pe ọjà ní ìgbì tó ń jáde. Apín onímẹ́rin lẹ ní yẹn. Kò sí ẹni tó fa ọjọ́ kankan gùn. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́ lásìkò, ọjà á máa ná lásìkò.

Mo dúró lórí èyí nítorí ọ̀pọ̀ ọmọọṣẹ́ ló rò pé apín ń fa ìgbì sẹ́yìn kí ó lè falẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, apín fúnra rẹ̀ á máa ṣì. Ó ń kà ni, iye kò sì ń yí pẹ̀lú ooru: 4 ni 4 nínú ọyẹ́, 4 náà ni nínú ooru oṣù kẹta. Ìdí nìyí tí ohun tó bá ti inú apín jáde fi péye bákan náà pẹ̀lú ohun tó wọlé. Kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ kíkà-mọ́-ọn yẹn sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń to apín tiyín. Òdo ni IC (ẹ̀yà kékeré tí odindi sákíìtì wà nínú rẹ̀) tó ń kà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà apín oní-10 kì í dé 10; bó bá ti dé 9, ìgbì tó kàn á dá a padà sí òdo. Ẹni tó bá dá a padà lẹ́yìn tó ti dúró lórí 10 ti ṣe apín oní-11, rédíò rẹ̀ á sì máa dún níbi tí kò yẹ.

Báwo ni sákíìtì ṣe ń kà? Flip-flop ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, sákíìtì kékeré tó ń dúró sí ọ̀kan nínú ipò méjì, òkè tàbí ìsàlẹ̀. Àwọn ará Bìrìtìkó méjì, Eccles àti Jordan, ló kọ́kọ́ béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ ní 1918, gílóòbù rédíò méjì ni wọ́n sì fi ṣe é, kó tó di pé tránsístọ̀ dé. Èyí tí à ń lò lónìí ní ibi ìwọlé kan tó ń jẹ́ D, ibi ìjáde kan tó ń jẹ́ Q, àti ìjáde kejì tó máa ń sọ òdìkejì ohun tí Q bá sọ. Gbogbo ìgbà tí ìgbì bá gòkè ní ẹsẹ̀ tó fi ń gba ìgbì, Q á mú ohun tó bá lórí D. Ó dáa. Ẹ fi wáyà so ìjáde òdì yẹn padà sí D. Bí Q bá wà lókè, D wà nísàlẹ̀. Ìgbì kan dé: Q wálẹ̀, D gòkè. Òmíràn dé: Q gòkè. Ìgbì méjì ló wọlé kí ọ̀kan tó jáde. Ẹ to mẹ́ta tẹ̀léra, ìdá mẹ́jọ. Ẹ to mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìdá 32768, òkúta aago ògiri á sì di ìgbì kan ṣoṣo láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gé òkúta náà sí iye yẹn ni.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sínú rédíò wa. Rédíò FM kì í ṣe 100.0 ni ọ́síléétọ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹ bá ń gbọ́ 100.0, nínú èyí tó wọ́pọ̀, 10.7 MHz (MHz kan jẹ́ mílíọ̀nù kan hertz) ló fi ń ga jù ú lọ, ìyẹn 110.7 MHz, nítorí ìyàtọ̀ àárín wọn ni rédíò ń mú lọ sí àwọn asẹ́ inú rẹ̀. VCO ló ń gbé 110.7 yìí jáde. Lápá kejì, òkúta 7.2 MHz wà, tí apín kan pín sí ọ̀nà 72, ó ku 100 kHz, ìyẹn ọ̀kẹ́ márùn-ún hertz, géérégé. Ẹ gbé 110.7 MHz ti VCO gba inú apín mìíràn tí a ní kó ka 1107. 110.7 MHz tí a pín sí 1107, kí ló kù? 100 kHz. Ìgbì méjèèjì ti di ẹgbẹ́, a lè fi wọ́n wéra.

Sákíìtì afiwéra ń wo èwo ló ṣáájú. Bí ti VCO bá ń rẹ̀yìn, ó ní kí fọ́ltéèjì varicap gòkè. Bó bá ń ṣáájú, ó ní kó wálẹ̀. Rẹsístọ̀ àti kapásítọ̀ díẹ̀ ló ń sẹ́ àṣẹ yìí kó má máa ta gìjàgìjà, kó tó dé orí varicap. Bí ooru bá fẹ́ gbé VCO lọ, kò tíì jìnnà tí àṣẹ á ti fà á padà. Ẹ wá fẹ́ gbọ́ 100.1? Ẹ kọ 1108 sí ipò 1107. Ó tán. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan kọ́ìlì, ẹnikẹ́ni ò yí òkúta. Iye tí apín ń kà nìkan ló yí, VCO sì ti wà ní 110.8, pẹ̀lú ìpéye òkúta. Gbogbo ìyípo yìí là ń pè ní PLL. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Henri de Bellescize, ti kọ̀wé jáde ní 1932 nípa bí a ṣe lè mú kí ọ́síléétọ̀ rédíò máa tẹ̀lé ìgbì tó ń wọlé. Ẹwà rẹ̀ kì í sú mi.

Ẹ wo bọ́ọ̀dù yìí. IC mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀, ẹ lè rí wọn rà, kò sì wọ́n: CD4046, CD4040, CD4060. Ṣájà fóònù ló ń fún wọn ní fóltì 5. VCO wà nínú 4046. Kapásítọ̀ 470 pF ló wà láàárín ẹsẹ̀ 6 àti 7, rẹsístọ̀ 100 kΩ wà láti ẹsẹ̀ 11 lọ sí ilẹ̀, ìyẹn ìlà fóltì òdo, ẹsẹ̀ 5 wà nílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ VCO ò ní ṣiṣẹ́. Mo ti so bọ́tìnnì tí à ń yí mọ́ ẹsẹ̀ 9, níbi tí fọ́ltéèjì ìdarí ń gbà wọlé. Ìgbì jáde ní ẹsẹ̀ 4, ó bọ́ sí ẹsẹ̀ 10 ti 4040, tí flip-flop méjìlá wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ 1 rẹ̀ ló gbé ìgbẹ̀yìn jáde, ìdá 4096, LED pupa yìí sì wà níbẹ̀. Tránsístọ̀ kékeré ló ń gbé LED náà, torí agbára ẹsẹ̀ IC yìí kò tó nǹkan lábẹ́ fóltì 5.

Mo yí i sókè. Ẹ rí i, LED yára. Mo yí i wálẹ̀, ó falẹ̀. Ojú yín ò lè rí ìgbì ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, apín ló sọ ọ́ di ohun tí ojú lè bá lọ. Etí náà lè gbọ́ ọ: ẹ wo agbọ̀rọ̀sọ kékeré yìí tí mo so mọ́ ẹsẹ̀ 5 ti 4040, ìdá 16. Mo gbé wáyà náà lọ sí ẹsẹ̀ 3, ìdá 32, ohùn wálẹ̀ ní ọ́kítéèfù kan gbáko. Ẹ wá wò ó nísinsìnyí, mo gbé irin ìjólẹ́ẹ̀dì súnmọ́ kapásítọ̀ 470 pF yẹn láìfi kàn án. Ẹ fetí sílẹ̀. Ohùn ń yẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì.

Mo fà á kúrò, kó tutù. Mo yọ bọ́tìnnì náà, mo pa ìyípo dé. 4060 ló mú òkúta 32768 láti inú aago ògiri kan, ó pín in sí 32, 1024 Hz ló kù, èyí wọ ẹsẹ̀ 14 ti 4046. Láti 4040 mo mú ẹsẹ̀ 6, tó ń pín sí 8, mo so ó mọ́ ẹsẹ̀ 3 ti 4046. Àṣẹ jáde ní ẹsẹ̀ 13, ó gba inú asẹ́, ó padà sí ẹsẹ̀ 9. Kí VCO tó lè bá 1024 dọ́gba lẹ́yìn ìpín 8, 8192 ló gbọ́dọ̀ jẹ́. 8192 pín sí 4096, méjì. Ẹ ka LED náà pẹ̀lú aago ọwọ́ yín: ó ń tàn lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo tún gbé irin gbígbóná dé ibẹ̀. Kò yẹ̀. Mo gbé wáyà kan ṣoṣo láti ẹsẹ̀ 6 lọ sí ẹsẹ̀ 7, ìdá 4. Ó ti di ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tirẹ̀ nílé kó má gbàgbé ẹsẹ̀ 11 ti 4040. Ilẹ̀ ló yẹ kó wà. Bó bá wà lófo, ọwọ́ yín tó súnmọ́ ọn lásán lè mú kó máa padà sí òdo, ẹ ó sì máa wá àṣìṣe níbi tí kò sí.

Ẹ̀yin ọmọọṣẹ́, ibí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù. Rédíò bá dé ọ̀dọ̀ yín, nọ́ńbà yọ, ohùn kò sí. Ẹ má tíì yọ IC kankan. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ VT sí lórí bọ́ọ̀dù, fọ́ltéèjì varicap ni. Mítà onídíjítà tí rẹsístáǹsì inú rẹ̀ tó mẹ́gáohm 10 ni kí ẹ lò, torí mítà alábẹ́rẹ́ lè fa VT wálẹ̀ fúnra rẹ̀, á sì purọ́ fún yín. Ẹ máa yí ìkànnì láti ìsàlẹ̀ sókè. Bí VT bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń yí i, ìyípo náà yè, ẹ lọ wo ẹ̀ríàlì àti àwọn asẹ́. Bí VT bá lẹ̀ mọ́ òkè tí kò wálẹ̀ mọ́, afiwéra ń pariwo pé ìgbì VCO kò dé: bóyá VCO ti kú, bóyá ìgbì rẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ apín. Bó bá lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, ti òkúta ni kò dé, ẹ lọ wo quartz àti lẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ rẹ̀, pàápàá bí rédíò náà bá ti já bọ́ rí. Bí VT bá wà níbi tó yẹ ṣùgbọ́n tí ohùn ń hó, ẹ fura sí kapásítọ̀ inú asẹ́ pé ó ń jo. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ló sọ gbogbo èyí fún yín, kí irin ìjólẹ́ẹ̀dì tó gbóná.

Ọmọ lísè kan béèrè pé, bó bá jẹ́ pé iye ni à ń yí, kí ló dé tí a kò fi òkúta náà pín di 1 kHz, kí ìgbésẹ̀ láti ìkànnì kan sí èkejì lè kéré gan-an? Ìbéèrè gidi ni. Ẹ lè ṣe é, àmọ́ ẹ ó sanwó rẹ̀. Afiwéra á wá máa rí ìgbì ẹgbẹ̀rún kan péré láàárín ìṣẹ́jú àáyá, dípò ọ̀kẹ́ márùn-ún. Asẹ́ gbọ́dọ̀ falẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, VCO á pẹ́ kó tó dúró bí ẹ bá yí ìkànnì, ariwo tirẹ̀ á sì máa ráàyè yọ láàárín àtúnṣe kan sí èkejì. Ọgbọ́n tí wọ́n fi yanjú rẹ̀ nínú fóònù ọwọ́ yín ni pé apín kì í ka iye kan náà lọ. Á ka 1107 nígbà mìíràn, á ka 1108 nígbà mìíràn, wọ́n á sì yan bí méjèèjì ṣe ń tẹ̀léra. Ẹ fi 1108 ṣe ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́wàá, VCO á jókòó sí 110.71, láìjẹ́ pé 100 kHz ti òkúta dín kù rárá. Bọ́ọ̀dù ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì. Ẹni tó bá fẹ́ gbé wáyà láti ẹsẹ̀ 6 lọ sí 7 ti 4040 fúnra rẹ̀, kó máa bọ̀.